Ọwọ́ Tó Ń Wá Fóònù Kiri: Ìdáhùn sí Aránṣọ Kan ní Iléṣà

Lẹ́tà kan wọlé sí mi láti Iléṣà. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ kúrò:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ọjà Àtàkúmọ̀sà. Mo ní ọmọ méjì, mo sì ní ọmọṣẹ́ mẹ́ta. Àbújá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti tó ọdún méjì tí fóònù ti di bárakú fún mi. Tí mo bá jí lóru láti lọ tọ̀, tí mo mú un láti tan tọ́ọ̀ṣì, ó ti parí nìyẹn. Orí ẹ̀ ni aago mẹ́rin máa ń bá mi. Gúrúùpù WhatsApp tí mo wà lé ní ogún. Lóṣù tó kọjá, mo gbé áyọ́ọ̀nù lé léèsì oníbàárà, mo ní kí n yẹ méséèjì kan wò, òórùn ni mo fi mọ̀ pé léèsì ti jóná. Mo ti san owó ẹ̀. Mo ti gbààwẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yọ Facebook àti TikTok kúrò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún dá wọn padà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sọ fún mi pé, 'Mọ́mì, tí mo bá ń bá yín sọ̀rọ̀, fóònù lẹ máa ń wò, bí ẹni pé òun ló ń sọ̀rọ̀.' Mi ò lè jù ú nù. Orí ẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń fi sítáì ránṣẹ́ sí, orí ẹ̀ ni mo ti ń rí i pé owó wọlé. Ṣé àìsàn ni, àbí ọ̀lẹ ni mí? Kí ni kí n ṣe?"

Ìyá Aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́ ti léèsì yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ kúrò nílẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ mẹ́ta níṣẹ́, tó ń dá tọ́jú ọmọ méjì, tó ba aṣọ oníbàárà jẹ́ tó sì san owó ẹ̀ láìjà láìta, ọ̀lẹ kò mọ ọ̀nà ilé ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n tètè sọ èyí ni pé ẹ̀bi tí ẹ ń dá ara yín wà lára ohun tó ń fa ọwọ́ yín padà sórí fóònù. Ojú á ti èèyàn, ọkàn á bàjẹ́, ọkàn tó bàjẹ́ á wá ibi tó máa sá sí, ibi tó sì sún mọ́ ọn jù ni fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mò ń rí i lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì níbí ní Ifẹ̀. Tí ìdánwò bá ku ọ̀la, tí ìwé tí wọn ò kà ń dẹ́rù bà wọ́n, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń pẹ́ jù lórí fídíò. Bí ẹ bá ń bú ara yín, ẹ̀ ń fún fóònù níṣẹ́ ṣe ni.

Ti àìsàn ńkọ́? Lọ́dún 2019, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí àkójọ àrùn tuntun tí àwọn dókítà ń lò, ICD-11. Bárakú tẹ́tẹ́ wà nínú rẹ̀, bárakú géèmù náà wà níbẹ̀. Wọn ò kọ bárakú fóònù síbẹ̀. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ò sì tíì fẹnu kò lórí ẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín lò ló bá a mu jù: bárakú. Ohun tó ti mọ́ èèyàn lára débi pé kì í dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ kó tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó mọ́ni lára ṣeé yọ kúrò lára, àmọ́ ọ̀nà tó gbà wọlé la máa tọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí áyọ́ọ̀nù yẹn. Léèsì wà lórí tábìlì, áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ ò jókòó bi ara yín pé "ṣé kí n mú fóònù ni àbí kí n má mú un?" Ọwọ́ òsì ti dé ibẹ̀ kí orí tó gbọ́. Lẹ́yìn náà ni orí wá wá àwáwí fún ọwọ́: "méséèjì kan péré ni." Gbogbo ìpinnu tí ẹ ti ṣe, inú orí lẹ ti ṣe é. Ọwọ́ ò sí níbi ìpàdé yẹn.

Báwo ni ọwọ́ ṣe kọ́ ọ? Láàárín ọdún 1950 sí 1959, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ B. F. Skinner ń fi ẹyẹlé sínú àpótí tó ní bọ́tìnì. Tí ẹyẹlé bá fi ẹnu kan bọ́tìnì, oúnjẹ á jábọ́. Bó bá jẹ́ pé iye ìgbà tó máa kàn án kí oúnjẹ tó wá kì í yẹ̀, ẹyẹlé á jẹun, á sinmi díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá ń wá nígbà míì, tí kì í wá nígbà míì, tí kò sí bí ẹyẹlé ṣe lè mọ èyí tó kàn, ẹyẹlé ò ní sinmi. Á máa kàn án lọ ni. Skinner àti Charles Ferster kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé kan tó jáde ní 1957. Ọgbọ́n tó so ẹni tó ń ta lọ́tò mọ́ ìdí tẹ́tẹ́ náà nìyí. Nínú status mẹ́wàá tí ẹ bá ṣí lówùúrọ̀, mẹ́sàn-án lè má ní láárí, ìkẹwàá á wá jẹ́ àwòrán ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ tí ẹ ti ń wá, tàbí ọrùn bùbá kan tí ẹ ò rí irú ẹ̀ rí. Ìkẹwàá yẹn ló ń mú yín ṣí mẹ́sàn-án tó kù.

Wolfram Schultz, ọmọ Jámánì kan tó ń ṣèwádìí ọpọlọ, fi ọ̀bọ ṣe tiẹ̀. Ó ń wo àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ tó ń tú dopamine, èròjà tó ń mú ọkàn fà sí ohun tó dùn mọ́ni, jáde nígbà tí wọ́n bá ń kán omi èso sí ọ̀bọ lẹ́nu. Lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà tí omi èso kan ahọ́n ni àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń ta kìjí. Nígbà tí ọ̀bọ ti wá mọ̀ pé iná kékeré kan máa ń tàn kí omi tó dé, orí iná ni ìtakìjí náà ṣí lọ. Omi èso dé, kò tún ta wọ́n jí mọ́. Ìdí nìyí tí ìró fóònù fi ń mú ọkàn yín fò ju ohun tó wà nínú méséèjì fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ rántí iye ìgbà tí ẹ ti sáré mú un, tí ẹ kà á, tí inú yín ò dùn, tí kò sì bàjẹ́.

Tẹ́lẹ̀, èèyàn máa ń ka nǹkan dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á wá tẹ bọ́tìnì kí òmíràn tó ṣí. Ibi ìsàlẹ̀ yẹn lèèyàn ti máa ń rántí pé òun gbé ìkòkò kaná. Lọ́dún 2006, Aza Raskin ṣe ọ̀nà tí ojú ìwé fi ń gùn sí i fúnra rẹ̀ láìní ìsàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti jáde sọ pé òun kábàámọ̀ ohun tó dà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn ọlọ́pọlọ pípé ló jókòó ṣe ohun tí ẹ̀yin nìkan ń fi ààwẹ̀ bá jà.

Iléṣà lẹ ń gbé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà lèmi náà, nítorí náà ẹ máa mọ àwọn Òṣómàáló. Wọ́n á gbé aṣọ kiri ìlú onílùú, wọ́n á tà á láwìn. Tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á lóṣòó síbẹ̀: òṣó ni mo máa ló títí mo fi máa gbowó mi. Wọn ò ní jà, wọn ò ní pariwo, wọn ò kàn ní dìde. Nótífíkéṣọ̀n tó ń dún lórí fóònù yín, òṣómàáló ni. Àmì pupa kékeré tó ń ka méséèjì tí ẹ ò tíì ṣí, òṣómàáló ni. Ṣùgbọ́n òṣómàáló àwọn bàbá wa ti gbé aṣọ fún onígbèsè lóòótọ́. Gúrúùpù ogún wọ̀nyẹn, èwo nínú wọn lẹ rajà àwìn lọ́wọ́ rẹ̀?

Mi ò fojú kéré ààwẹ̀ tí ẹ gbà. Àmọ́ ẹ wo bí ilé ṣe rí lọ́jọ́ tí ààwẹ̀ parí. Fóònù ṣì ń sùn sábẹ́ ìrọ̀rí. Tọ́ọ̀ṣì ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ṣì wà lórí tábìlì áyọ́ọ̀nù, ojú rẹ̀ sókè. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ ti lé aláǹgbá jáde lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó bá yín rẹ́ ògiri. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní láti sọ fún yín nìyẹn, gbogbo ìyókù orí ẹ̀ ló dúró lé: ẹ fi ọkàn yín sílẹ̀ ná, ẹ lọ yí ibi tí fóònù ń gbé padà.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ mú pépà tí ẹ fi ń gé pátánì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ìgbàkigbà tí ọwọ́ yín bá mú fóònù láìjẹ́ pé ẹnì kan ń pè, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tí ẹ fi ń sàmì sáṣọ fa ìlà kan síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé ni, ẹ fà á sórí pépà míì. Ẹ kọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré: "áyọ́ọ̀nù", "ìtọ̀", "ìjà", "NEPA". Fóònù Android náà máa ń kà á fúnra rẹ̀, nínú sẹ́tìn, níbi tí wọ́n kọ Digital Wellbeing sí. iPhone ń pe tiẹ̀ ní Screen Time. Ṣọ́ọ̀kì wù mí ju méjèèjì lọ torí pé ọwọ́ tó ṣẹ̀ náà ló ń kọ ẹ̀rí. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Lágere níbí ṣe é. Ó rò pé òwò òun ló ń mú òun mú fóònù. Nígbà tí a jọ ka ìlà náà, èyí tó pọ̀ jù bọ́ sí wákàtí méjì ọ̀sán tí kò sí oníbàárà, tó sì dá jókòó. Òwò kọ́, ìdáwà ni. Oògùn òwò ò lè wo ìdáwà, ẹ ò rí i pé ó yẹ ká mọ èyí tó ń ṣe wá.

Láìtíì rí ìlà tiyín, mo ti mọ ọ̀kan tó máa wà níbẹ̀: òru. Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò sùn ò lágbára kankan lọ́sàn-án.

Ẹ tún gbólóhùn yín kà. Ìtọ̀ ló jí yín, òkùnkùn ló wà nílé, tọ́ọ̀ṣì lẹ wá. Ẹ ò wá TikTok. Tọ́ọ̀ṣì ni ihò ara ògiri yín. Lọ́la, ẹ ra iná kékeré oníbátìrì, ẹ gbé e sẹ́bàá ibùsùn. Ẹ ra aago àláàmù tó ń lo bátìrì, torí tí mo bá ní kí fóònù kúrò ní yàrá, ẹ máa sọ pé òun ló ń jí yín. Ibi tí fóònù á máa sùn ni pálọ̀, tàbí ilé ìdáná, ibi tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ dìde kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣájà náà kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá mọ́. Tí NEPA bá mú iná lọ, kí fóònù wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi mú un dé.

Ẹ máa bi mí pé tí ọkọ yín bá pè lóru ńkọ́, tí ara ìyá yín ò bá yá ńkọ́. Ìbéèrè tó dáa ni. Fóònù kékeré oníbọ́tìnì, èyí tí kò ní ju ìpè, SMS àti tọ́ọ̀ṣì lọ, òun ló yẹ kó máa bá yín sùn. Ẹ fi láìnì kan sí i, kí ọkọ yín, ìyá yín àti aládùúgbò kan nìkan mọ nọ́ńbà rẹ̀. Tó bá dún lóru, ẹ mọ̀ pé ó yẹ ní gbígbé. Ara á tù yín ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí pé ìbẹ̀rù pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀ wà lára ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn fi fóònù ńlá sábẹ́ ìrọ̀rí.

Àwọn kan á ti sọ fún yín pé ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù ló ń lé oorun lọ. Òótọ́ wà ńbẹ̀, kò kàn tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2015 lórí èèyàn 12 tí wọ́n ń kàwé lórí ẹ̀rọ oníná kí wọ́n tó sùn fún ọjọ́ márùn-ún, tí wọ́n tún ń ka ìwé onípépà fún ọjọ́ márùn-ún míì. Ẹ̀rọ oníná sún oorun wọn síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì dín èròjà oorun inú ara wọn kù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ ló wà láàárín ìtọ̀ yín àti aago mẹ́rin. Ohun tí ẹ̀ ń wò ló ń gbé yín dìde: ìjà àwọn olóṣèlú, òkú ẹni tí ẹ ò mọ̀, aṣọ tí ẹlòmíì rán tó dáa ju tiyín lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ ojú fóònù di àwọ̀ osàn lálẹ́, ẹ ṣe é, àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ mú un wọ yàrá.

Ohun kan tún wà tí àwọn ará òkè òkun tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í mẹ́nu bà. Dátà òru. Àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù wa máa ń ta dátà tó pọ̀ lówó pọ́ọ́kú fún wákàtí tó yẹ kí èèyàn máa sùn. Tí ẹ bá ti rà á, ó máa ń dà bíi pé ẹ̀ ń fowó ṣòfò tí ẹ bá sùn. Ẹ má rà á mọ́. Ẹ ra ti ọ̀sán, kó kéré, kó tètè tán. Dátà tó ń tètè tán máa ń jẹ́ kéèyàn rántí ara rẹ̀.

Ó di ṣọ́ọ̀bù. Níbí, mi ò ní sọ pé kí ẹ pa fóònù, oúnjẹ yín wà ńbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni. Ẹ mú àjẹkù áńkárá, ẹ rán àpò kan tó gba fóònù yín gẹ́lẹ́. Ẹ fi bọ́tìnì mẹ́rin dè é lẹ́nu, kí ihò bọ́tìnì fún díẹ̀. Ẹ má fi síìpù sí i; síìpù ò ní pẹ́ ẹ ṣí. Ẹ gbé e kọ́ ara ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kó jìnnà sí maṣíìnì, kó jìnnà sí áyọ́ọ̀nù ju ibikíbi lọ. Tí wọ́n bá pè, ẹ máa gbọ́. Tí ọwọ́ bá kàn fẹ́ lọ, ó máa dé ibẹ̀, á bá bọ́tìnì àkọ́kọ́, á tú u, á bá ìkejì. Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe irú nǹkan báyìí, ibi bọ́tìnì kejì sí ìkẹta ni wọ́n sábà máa ń sọ fún mi pé orí àwọn dé bá ọwọ́. "Kí ni mo ń wá gan-an?" Ìgbà míì, ẹ máa rántí ohun tí ẹ̀ ń wá, ẹ máa tú ìkẹrin, ẹ máa ṣe é. Ìgbà míì, ẹ máa dè é padà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìrìn ẹsẹ̀ mẹ́fà àti bọ́tìnì mẹ́rin ni òkèèrè tiyín.

WhatsApp ni kí ẹ wá tò. Ẹ lo WhatsApp Business fún iṣẹ́. Ó ní ibi tí ẹ ti lè kọ èsì tó ń lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ ò sí nídìí ẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Ẹ káàbọ̀ o. Mo wà nídìí maṣíìnì. Mo máa ń dáhùn ní aago méjìlá ọ̀sán àti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ kíákíá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí." Ẹ fi gbogbo gúrúùpù sí ìdákẹ́ títí láé, WhatsApp fàyè gbà á, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ jáde nínú èyí tí ẹ ò fi ohùn sí láti ọdún tó kọjá. Ẹ pa nótífíkéṣọ̀n gbogbo áàpù yòókù, kó ku ìpè àti SMS báńkì nìkan tó ń dún. Ẹ̀rù lè máa bà yín pé oníbàárà á lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé aṣọ fún àwọn aránṣọ, mi ò rí ẹni tó fi aránṣọ sílẹ̀ torí pé ó pẹ́ wákàtí mẹ́ta kó tó fèsì. Ọjọ́ tí wọ́n dá tí aṣọ ò jáde ló ń lé oníbàárà. Wákàtí tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ fóònù, ibẹ̀ ni aṣọ wọn á ti máa jáde lọ́jọ́ tí ẹ dá.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ pé òfin àpò kan àwọn náà. Bí ọ̀gá bá ń fi fóònù tirẹ̀ sápò, wọn ò ní rí ẹnu wí.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tí ẹ sọ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, pé Àbújá ni ọkọ yín wà. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń wà nílé. Láti òwúrọ̀, gbogbo èèyàn ló ti ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ yín. Wákàtí yẹn nìkan ló jẹ́ tiyín, fóònù ló sì wà níbẹ̀ láti bá yín jókòó. Tí a bá gba fóònù lọ́wọ́ yín tí a ò fi nǹkan dí àlàfo yẹn, ọ̀sẹ̀ kan ò ní pé tí á fi padà. Ní Yunifásítì Pennsylvania, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dín Facebook, Instagram àti Snapchat kù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n fi àwọn tó kù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Akẹ́kọ̀ọ́ 143 ló kópa, ìwádìí náà jáde ní 2018. Ìdáwà àti ìbànújẹ́ dín kù lára àwọn tó dín in kù. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò ní kí wọ́n jáwọ́ pátápátá. Ìgbádùn yín ò burú. Ẹ fún un ní ààyè tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin: lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nínú pálọ̀, lórí àga, ìdajì wákàtí, kí àláàmù dún. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe ọkọ yín, kí ẹ gbọ́ ohùn ara yín. Ọ̀pọ̀ tọkọtìyàwó tí ọ̀nà jìn sí ara wọn ń fi fídíò apanilẹ́rìn-ín ránṣẹ́ síra wọn látàárọ̀ dalẹ́, ọ̀sẹ̀ á parí, wọn ò ní tíì gbọ́ pé "báwo lara rẹ?" lẹ́nu ara wọn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ló jẹ́ kí n dá yín lóhùn kíákíá. Lọ́dún 2019, mo lọ kí ìyá mi nílé wa ní Iléṣà. A wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń bẹ iṣu, wọ́n ń sọ fún mi nípa ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ilé ọkọ, bí òjò ṣe ba kòkó jẹ́, àti ẹnì kan tó wá kan ilẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo ń dáhùn méséèjì, mo ń sọ pé "hẹn-ẹn, hẹn-ẹn." Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ọ̀bẹ nìkan ni mò ń gbọ́ lára iṣu. Mo gbójú sókè, mo ní, "Ẹ máa bá a lọ, Mọ́mì." Wọ́n ní, "Ó ti tán." Wọn ò bínú, wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mi ò mọ ẹni tó kan ilẹ̀kùn náà títí di òní, kò sì sẹ́ni tí mo lè bi mọ́. Méséèjì tí mò ń dáhùn, mi ò rántí ẹyọ kan nínú ẹ̀.

Ọmọ yín ṣì ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ pè é, ẹ sọ fún un pé ohun tó sọ ló jẹ́ kí ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ jẹ́ kó máa bá yín de bọ́tìnì àpò náà lálẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò ní gbàgbé, kò sì ní jẹ́ kí ẹ gbàgbé. Bí èyí tó kéré bá ṣì wà lábẹ́ ọdún márùn-ún, WHO sọ ní 2019 pé kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má kọjá wákàtí kan lójúmọ́ nídìí irú ẹ̀rọ yìí, kí ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì má jókòó tì í rárá. Ẹ má fi fóònù rẹ ọmọ lẹ́kún ní ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni tirẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ máa ń le. Ọwọ́ á máa wá a, ara ò ní balẹ̀, ẹ lè máa kanra mọ́ àwọn ọmọṣẹ́. Ẹ tètè sọ fún wọn. Phillippa Lally àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ lé àwọn èèyàn tó ń kọ́ àṣà tuntun, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Tí a bá tò wọ́n láti orí ẹni tó yá jù dé orí ẹni tó pẹ́ jù, ọjọ́ 66 ló gba ẹni àárín kí àṣà náà tó máa ṣẹlẹ̀ láìronú sí i. Ó yá àwọn kan ní ọjọ́ 18, ó máa gba àwọn míì tó ọjọ́ 254. Ohun tó wúlò jù fún yín níbẹ̀ ni pé ẹni tó gbàgbé lọ́jọ́ kan ṣoṣo ò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ ti dá TikTok padà, ó dá mi lójú pé ọjọ́ kan lẹ ṣubú, tí ẹ sì ní "ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn." Kò bàjẹ́. Tí ẹ bá bá fóònù lábẹ́ ìrọ̀rí lọ́jọ́ kan, ẹ dìde, ẹ gbé e padà sí pálọ̀, ẹ sùn.

Àwọn nǹkan kan wà tó kọjá àpò áńkárá. Bí ẹ bá ń ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù náà, tàbí ẹ̀ ń yáwó lórí áàpù láti fi san òmíràn, tí ẹ kò sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà torí ìtìjú. Bí oorun ò bá wá fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí fóònù ti kúrò ní yàrá. Bí ohun tó máa ń dùn mọ́ yín ò bá dùn mọ́ yín mọ́, tàbí ẹ̀ ń rò ó pé ó sàn kí ẹ kú, ẹ má dúró de lẹ́tà mi. Ẹ lọ sí Wesley Guild tó wà lọ́dọ̀ yín ní Iléṣà, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ rí àwọn tó ń tọ́jú ìlera ọpọlọ. Abẹ́ OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, ní Ifẹ̀ níbí ni ilé ìwòsàn náà wà, ẹ̀ka yẹn sì wà níbí. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Àìsàn ni irú ìyẹn, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́ta ìlà ṣọ́ọ̀kì, lẹ́yìn náà iná oníbátìrì àti aago, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àpò. WhatsApp lè dúró dé ìparí oṣù. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ iye òru tí fóònù sùn sí pálọ̀ fún mi, àti ohun tí ọmọ yín ń sọ báyìí. Ẹ fi àwòrán àpò náà sí i. Mo fẹ́ mọ àwọ̀ áńkárá tí ẹ mú.